Kùkùté Tó Wà Lọ́nà Ilé Ìbíwùmí

Ṣé ẹ ti jókòó bi ara yín rí, ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n fi ń sọ pé ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ lọ ní í rí kùkùté? Ẹ̀yin kan yóò ní ọ̀rọ̀ lásán ni, pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á kàn ń wá ohun tí yóò sọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan wà, kùkùté kan wà, ẹni tó sì ni ẹsẹ̀ náà jẹ́ ẹni tí ẹ̀yin pẹ̀lú ìbá dọ̀bálẹ̀ kí. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rọra rín in, torí mi ò tíì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn nínú wa.

Alàgbà Jósíà Adégoróyè ni wọ́n ń pè é. Ìlú Ìdóòkè ló ń gbé, òun ló sì máa ń kọ́ àwọn àgbà ìjọ ní Bíbélì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Bó bá ti rìnrìn àjò, ì báà ṣe ìrìn ibùsọ̀ méjì péré, yóò mú ẹ̀kọ́ bọ̀ láti ojú ọ̀nà. Bó bá rí ewúrẹ́ tó sùn sáàárín títì, yóò fi kọ́ wa nípa àwọn tó ń sùn nínú ẹ̀ṣẹ̀. Bí àgbàrá bá gbé afárá lọ, ẹ̀kọ́ ni. Ó ti fi ọkọ̀ kan tí búrẹ́kì rẹ̀ já kọ́ àwọn ènìyàn ní ìkóra-ẹni-níjàánu fún wákàtí kan àbọ̀. Mi ò ní ó burú o. Ẹni tó bá lajú sílẹ̀ lójú ọ̀nà yóò rí ohun tí Ọlọ́run kọ síbẹ̀. Ohun tó burú ni kí ènìyàn mú kálámù tirẹ̀ dání, kí ó máa kọ èyí tó wù ú kún un.

Alàgbà ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo. Ìbíwùmí ni orúkọ rẹ̀, Ayégbàmí ló ń gbé, ìrìn ọkọ̀ wákàtí méjì sí Ìdóòkè. Lọ́dún méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí, lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ẹrù ìyá wọn, wọ́n wá aṣọ sányán ìyá náà títí, wọn ò rí i. Níṣojú gbogbo ẹbí, Alàgbà na ìka sí Ìbíwùmí.

Ó ní, "Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ Màámi nígbà àìsàn. Ta ló tún lè gbé e bí kò bá ṣe ìwọ?"

Ìbíwùmí kò jà. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, kò sì tún tẹ ilẹ̀ Ìdóòkè mọ́.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan. Ìyá Ìyìọlá, ìyàwó Alàgbà, ń kó aṣọ ìjọ ọkọ rẹ̀ jáde kúrò nínú àpótí nítorí ikán. Nísàlẹ̀ àpótí náà, lábẹ́ gbogbo rẹ̀, sányán ló bá níbẹ̀. Ó gbé e wá fún ọkọ rẹ̀. Bí Alàgbà ti fojú kàn án ló rántí: ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló gbé e fún un, lọ́sẹ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, tó ní, "Jósíà, bá mi tọ́jú rẹ̀." Ó tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Ó tọ́jú rẹ̀ débi pé ó gbàgbé.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìyìọlá, ẹ ó lọ bẹ̀ ẹ́."

"Màá lọ."

"Lọ́jọ́bọ̀ ni Ìbíwùmí ń lọ sí Jọ́ọ̀sì. Ọmọ rẹ̀ bí ìbejì níbẹ̀. Ó ti ń sọ fáwọn èèyàn pé òun ò rí ohun tí òun tún ń padà wá ṣe níhìn-ín, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí òun ní ti sọ òun dolè. Bó bá lọ láìgbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu yín, ó lọ nìyẹn."

"Mo ní màá lọ! Ní ọ̀la, kí oòrùn tó là."

Ẹ má ṣe rò pé irọ́ ló ń pa. Ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó náà: ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, alàgbà ìjọ, ẹni tó ń kọ́ gbogbo ìlú, kí ó wá dúró níwájú àbúrò rẹ̀ kí ó ní, "Mo purọ́ mọ́ ọ, dárí jì mí." Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí ọlọ.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìyá wọn ti kọ́ wọn láti kékeré pé bí èèyàn bá ń jáde lọ, tó fẹsẹ̀ ọ̀tún kọ nǹkan, ire ń bẹ níwájú. Bó bá ṣe ẹsẹ̀ òsì ló fi kọ ọ́, kí ó yí padà, kí ó lọ jókòó sílé rẹ̀. Alàgbà ti wàásù tako irú nǹkan báyìí láìmọye ìgbà. Àṣà òkùnkùn ló ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í gbọ́ ìwàásù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ká sányán sínú àpò, ó dé fìlà, ó jáde. Kùkùté igi òroǹbó kan wà lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá rẹ̀. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn níbẹ̀. Alàgbà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, kò sì fara kàn án rí. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, gbìì! Ẹsẹ̀ òsì.

Kí ìyàwó rẹ̀ tó fọ abọ́ àárọ̀ tán, ó ti rí i tó ń wọlé bọ̀.

"Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Ẹ̀mí ló dá mi dúró."

Ìyá Ìyìọlá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ wo lẹ fi kọ ọ́?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún ọ. Mo ní Ẹ̀mí."

"Ṣé Ẹ̀mí ló gé igi òroǹbó tí kò hú gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ gé e, Bàbá Ìyìọlá. Ẹ ní ẹ ó hú u tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Alàgbà jókòó, ó ṣí ìwé, ó sì ń kọ ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lórí ìgbọràn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé ẹsẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí adìyẹ tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, títí ó fi kọjá kùkùté náà. Ó dé gáréèjì láìfẹsẹ̀ kọ ohunkóhun. Ọkọ̀ tó kàn láti lọ sí Ayégbàmí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó kù díẹ̀ kí ó wọlé ló bá ka ohun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sẹ́yìn rẹ̀: MÁ KÁNJÚ.

Alàgbà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n máa lọ, òun yóò dúró de èkejì. Èkejì dé. Ó lọ sẹ́yìn rẹ̀ tààrà láti kà á: ILÉ LÀBỌ̀ SINMI OKO.

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Olórí gáréèjì, tó ti ń wò ó láti àárọ̀, pè é.

"Bàbá, ẹ ò lọ mọ́ ni?"

"Ẹlẹ́rìí méjì ti jẹ́rìí. Ṣé ìwọ kò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?"

"Bàbá mi, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́ fún, kì í ṣe ẹni tó máa jókòó sínú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ní ìtumọ̀ ju ẹ̀kọ́ wákàtí kan àbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ibi tó fẹ́ lọ kì í gbọ́. Alàgbà padà sílé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Ọjọ́rú ló kù. Ìyá Ìyìọlá kò tún fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Ẹ̀mí. Ó di ọkọ rẹ̀ lápá mú, ó mú un yí kùkùté náà ká bí ẹni ń mú afọ́jú, ó sin ín dé gáréèjì, ó sì fi í jókòó sínú ọkọ̀. Ó wá lọ bá awakọ̀, Ràímì, lójú fèrèsé.

"Ràímì, ọmọ mi, má jẹ́ kí bàbá yìí sọ̀kalẹ̀ o, àfi ní Ayégbàmí."

"Ṣé bàbá jí nǹkan ni, Màmá?"

"Rárá o. Ó fẹ́ lọ tọrọ àforíjì ni."

"Háà," ni Ràímì wí. "Ìyẹn le ju olè jíjà lọ."

Ọkọ̀ gbéra. Alàgbà pa ojú dé kí ó má baà ka ohunkóhun. Ìyá kan tó ń gbé ìkòkò lọ tà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò rẹ̀ mọ́ra, bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sínú kòtò a máa ní, "Ẹ rọra o, amọ̀ ni mo gbé o!" Wọ́n ń lọ báyìí títí wọ́n fi dé Oríta Igi Apá, ní agbedeméjì ọ̀nà. Níbẹ̀ ni nǹkan kan ti dún pòò! Táyà ẹ̀yìn ti fọ́.

Èrò sọ̀kalẹ̀. Ràímì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wá ara táyà náà kiri, ó fa nǹkan yọ.

Alàgbà dúró sábẹ́ igi, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀yin ará," ló wí, "ẹ ò gbọ́ ohùn yẹn?"

"A gbọ́ ọ," ni Ìyá Oníkòkò wí. "Táyà ló fọ́."

"Ọ̀rọ̀ kọjá táyà. Lọ́jọ́ kìíní, ọjọ́ Ajé, mo fẹsẹ̀ òsì kọ kùkùté, a dá mi dúró. Lọ́jọ́ kejì, a fi ẹ̀yìn ọkọ̀ méjì kìlọ̀ fún mi. Lónìí ọjọ́ kẹta, a gba afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ mi. Ọlọ́run ní àkókò tí mo máa bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ kò tíì tó."

Ràímì nàró. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí Alàgbà. "Bàbá, ìṣó ni. Ìṣó yìí ni. Ẹ gbà á, ẹ wò ó. Mo ní táyà mìíràn, kí ẹ tó mu omi tán màá ti pààrọ̀ rẹ̀."

"Ìwọ ń wo ìṣó, èmi ń wo ẹni tó rán ìṣó."

Ìyá Oníkòkò ti jókòó sórí òkúta kan, ó ń fọwọ́ pa ìkòkò rẹ̀ wò bóyá ó ti sán. Kò gbójú sókè nígbà tó béèrè.

"Alàgbà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ǹjẹ́ ẹ ti fẹsẹ̀ òsì kọ nǹkan rí nígbà tí ẹ ń lọ síbi tó wù yín?"

Alàgbà ronú. Olóòótọ́ ni lọ́nà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe dáhùn. "Lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a ń lọ síbi ìkórè ìjọ Odò-Ọwá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Ṣé wọ́n gún iyán níbẹ̀?"

"Wọ́n gún un. Ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n sì fi sebẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ wá padà sílé?"

"Rárá. Mo mọ̀ pé èṣù ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́. Mo bá a wí, mo sì tẹ̀síwájú."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ràímì tó ń tú nọ́ọ̀tì jókòó sílẹ̀ kí ó lè rín in dáadáa. "Ẹ gbọ́ o," ni Ìyá Oníkòkò wí, "bí iyán bá wà níwájú, èṣù ni. Bí ẹ̀bẹ̀ bá wà níwájú, Ọlọ́run ni!"

Kàkà kí ẹ̀rín yìí là á lójú, ìbínú ló gbé e. Ó fa àpò rẹ̀ jáde lábẹ́ àga, ó ré títì kọjá, ó sì na ọwọ́ sí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ayégbàmí, tó ń lọ sí Ìdóòkè. Ràímì ń pè é pé, "Bàbá, màmá ní kí n má jẹ́ kí ẹ sọ̀kalẹ̀ o!" Kò wẹ̀yìn. Ọkọ̀ dúró. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì yíjú láti kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìbíwùmí ni.

Ó ti rù díẹ̀. Ó fi àkísà funfun di ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti jáde sójú àkísà náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi?" ni Ìbíwùmí wí.

Ojú Alàgbà lọ síbi ẹsẹ̀ náà. "Kí ló ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Mo fi kọ nǹkan ni. Ẹnu ọ̀nà mi ni mo ti kọ́kọ́ fi kọ ọ́, mo tún fi kọ etí gọ́tà, ti gáréèjì ló wá yọ èékánná."

"Ẹsẹ̀ òsì?"

"Ẹsẹ̀ òsì."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ìbíwùmí, o kò sì padà? Kí ni Màámi kọ́ wa?"

"Ó kọ́ wa kí a padà. Mo rántí." Ìbíwùmí tún àkísà náà dì. "Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni mò ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọ̀la ni mo máa lọ sí Jọ́ọ̀sì. Mo rò ó, mo tún un rò, mo ní n kò lè lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ láìfojú kàn yín. Bí ẹ tilẹ̀ tún pè mí lólè, kí n sáà ti rí yín." Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ ni."

"Ọ̀dọ̀ mi? Nínú ọkọ̀ Ìdóòkè?"

Awakọ̀ wo ẹ̀yìn. Àwọn èrò mìíràn na ọrùn.

Ìyá Oníkòkò ti ré títì wá, ó gbé orí sí fèrèsé. "Ṣé àbúrò rẹ̀ nìyẹn? Ọmọ mi, láti ọjọ́ Ajé ló ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Kùkùté ní kí ó padà, ọkọ̀ ní kí ó padà, ìṣó ní kí ó padà. Ní kí ó bọ́ bàtà rẹ̀, kí a wo ẹsẹ̀!"

"Bàbá, ẹ bọ́ ọ," ni àwọn èrò wí.

Ó bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Kò bó, kò wú, èékánná rẹ̀ pé márùn-ún. Wọ́n wo ẹsẹ̀ Alàgbà, wọ́n wo àkísà tó wà lẹ́sẹ̀ Ìbíwùmí, kò sì sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ lọ," ni Ìyá Oníkòkò wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "òun ní í rí kùkùté."

Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ní, "Màmá, ṣé ti obìnrin yìí náà kò rí kùkùté ni?"

"Tirẹ̀ kọ ọ́, kò rí i. Ó ń wo ibi tó ń lọ. Bàbá yìí ti rí kùkùté kí ó tó jí."

Alàgbà sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán. Ìbíwùmí tẹ̀lé e, ó ń tiro. Alàgbà fa sányán jáde nínú àpò, ó na án sí i, ó sì tún ohùn ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ìjọ. "Ìbíwùmí, ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ni pé—"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìbíwùmí wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, "ẹ má kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́."

Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, kò jáde. Awakọ̀ fọn fèrè ọkọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kíá, èrò ń dúró!"

Nígbà náà ni Alàgbà Jósíà Adégoróyè kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, níwájú ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ. Àwọn èrò pariwo pé èèwọ̀ ni. Kò dìde. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà," ló wí. "Inú àpótí mi ló wà látìbẹ̀rẹ̀. Mo purọ́ mọ́ ọ. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."

Ó tán. Ọ̀rọ̀ tó gbé kiri fún ọjọ́ mẹ́ta, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìbíwùmí wólẹ̀ tì í, ó di orí rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, òkúta á gbẹ́ yín lórúnkún."

Wọ́n jọ padà sí Ìdóòkè lọ́jọ́ náà, Ìbíwùmí sì sùn nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú sányán ìyá rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé bí àwọn ìbejì bá ti rìn, òun yóò kó wọn wá kí Ìdóòkè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Alàgbà dìde láti kọ́ni. Àwọn àgbà ìjọ ti tún ìjókòó wọn ṣe, torí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ojú ọ̀nà máa ń gùn. Ó sọ gbolóhùn kan ṣoṣo tí Ìyá Oníkòkò fi lé e lọ́wọ́, ó jókòó. Wọ́n dúró kí ó máa tẹ̀síwájú. Kò tẹ̀síwájú. Ìyá Ìyìọlá nìkan ló ní, "Àmín."

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọlọ́run lè dá ènìyàn dúró lọ́nà, ó sì ti dá ẹni tó ju Alàgbà lọ dúró rí. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ohùn tí o ń gbọ́ lójú ọ̀nà bá ń sọ èyí tí ọkàn rẹ ti ń fẹ́ kí o tó kúrò nílé, wádìí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Títí di òní, ní Ìdóòkè, bí ẹni tó jẹ̀bi bá ní òun ti múra láti lọ bẹ ẹnìkejì òun, ṣùgbọ́n òjò ṣú, ṣùgbọ́n ara òun kò dá, ṣùgbọ́n òun lá àlá kan, wọn kì í bá a jiyàn. Wọn á ní kí ó bọ́ bàtà. Bí wọ́n bá wo ẹsẹ̀ náà tí wọn ò rí ojú egbò kankan, wọn á wo ara wọn lójú, wọn á sì ní: ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ lọ ní í rí kùkùté.